Èrè owó-orí kẹ̀? Ṣéńjì ni o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí àbá pé «èrè owó-orí» ni ká máa pe refund, ìyẹn owó-orí tí ìjọba ń dá padà, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí a ń kọ fún àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà, àwọn tí sọ́fítíwíà owó-orí ń gbé iye tí kò yé wọn jáde fún. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ọjà wo la tà tá a fi jèrè? Ìgbàkigbà tí ibi iṣẹ́ bá san owó iṣẹ́ ló ń yọ owó-orí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jù, ìjọba á dá ìyókù padà. Ẹni tó gba ṣéńjì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì kò jèrè kankan.

«Èrè» yìí gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pariwo pé sọ́fítíwíà ti bàjẹ́. Ẹ wo àpọ́n kan tó ṣe iṣẹ́ méjì ní 2024, tí ibì kọ̀ọ̀kan san $20,000 fún un, tí wọ́n sì yọ $900 níbẹ̀. Bó bá tẹ W-2 àkọ́kọ́ (ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tó san àti iye tó yọ) wọlé, ara owó iṣẹ́ yẹn nìkan ni sọ́fítíwíà á ti yọ gbogbo $14,600 tí ìjọba kò gba owó-orí lórí rẹ̀ lọ́dún náà, á sì ní yóò gba ohun tó lé ní $350. Inú ti dùn. Ó tẹ W-2 kejì, kò sí $14,600 míì láti yọ, ló bá di pé òun ló jẹ ìjọba ní ohun tó lé ní $1,000. «Wọ́n ti jẹ èrè mi!» Ta ló jẹ ẹ́? Ìṣirò ni kò tíì parí nígbà yẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gba iye tí sọ́fítíwíà gbé jáde gbọ́ o, ẹ wo àpótí 2 lórí W-2 dáadáa, níbi tí owó-orí tí wọ́n yọ wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó àpótí 4, ti Social Security (owó ìfẹ̀yìntì), ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀.

«Ìdápadà» tí ẹlòmíì mú wá sàn jù, ṣùgbọ́n kò ṣe pàtó tó. Fọ́ọ̀mù 1040, ìwé tá a fi ń ṣírò owó-orí ọdún fún ìjọba, fúnra rẹ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ìlà 34 ni iye tá a san lé, ìlà 35a ni èyí tá a ní kí wọ́n dá padà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní «àsanlé». Ẹ̀kẹta ni owó tó wọ báńkì, tó lè kéré sí méjèèjì, bí wọ́n bá ti yọ owó ìtọ́jú ọmọ tí ẹni náà kò san, tàbí tí onísọ́fítíwíà yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní «owó mi ò pé», èwo ló ń wí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹnì kan á ní, owó tí ìjọba fi ń ran òṣìṣẹ́ tówó rẹ̀ kéré lọ́wọ́ ńkọ́, èyí tí kò san rí? Òótọ́ ni, «ìdápadà» ò bá ìyẹn mu. «Ìrànwọ́» ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá, kó má ṣáà ti jẹ́ «ajẹmọ́nú».