"Ciao": ṣé ẹrú ni mo ti ń pe ara mi látọjọ́ yìí?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ èdè Ítálì lórí fóònù. "Ciao" ni ẹni tó ń kọ́ mi fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi ń dágbére. Ó dùn lẹ́nu mi débi pé gbogbo èèyàn ni mo ń fi kí. Àfi bí mo ṣe ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lánàá, tí mo rí i pé inú "ẹrú" ló ti jáde. Ó ká mi lára. Ẹrú ta ni? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Èsì kìíní
Òótọ́ ni ìwé yẹn sọ. Venice, ìlú kan ní Ítálì, ló ti bẹ̀rẹ̀. "S-ciavo vostro" ni wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, ìyẹn "ẹrú yín ni mí". Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rà wọ́n o; "ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe" ló wà lọ́kàn wọn. Nígbà tó yá, "vostro" já sílẹ̀, èyí tó kù sì di "ciao". Tẹ́ ẹ bá dé Austria tàbí gúúsù Jámánì, ẹ máa gbọ́ "servus". Ọ̀rọ̀ Látìn ni, ẹrú náà ló túmọ̀ sí, ọ̀rẹ́ ló sì ń fi kí ọ̀rẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìkíni tó fi ìtẹríba bẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ ò gbọdọ̀ fi kí àgbà tẹ́ ò mojú rẹ̀ mọ́. "Buongiorno", ìyẹn "ẹ kú ojúmọ́", ni tàgbà.

Èsì kejì
Bẹ́ẹ̀ náà ni "goodbye" àwọn Gẹ̀ẹ́sì. "God be with ye" ni tẹ́lẹ̀, àdúrà gidi, pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Ẹnu gé e títí ó fi ku "bye".

Èsì kẹta
Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. "Sclavus" tí wọ́n ń pe ẹrú ní Látìn ayé àtijọ́, orúkọ àwọn ẹ̀yà Slav, àwọn èèyàn kan ní ìlà oòrùn Yúróòpù, ni. Wọ́n kó wọn lẹ́rú débi pé orúkọ wọn di orúkọ ẹrú. Èyí ló ń dùn mí níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ àwọn Slav yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò ní jáwọ́ nínú "ciao", àmọ́ bàbá ẹni tó ń kọ́ mi máa ń yọjú tá a bá ń sọ̀rọ̀, "ciao" yìí náà ni mo sì ti ń fi kí wọn láti oṣù mẹ́ta! Lọ́la, "buongiorno" ni wọn yóò gbọ́ lẹ́nu mi.