Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje: ṣé ká tú u kí ọdún tuntun tó dé?

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Lyon:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sabe. Òtútù ti dé síbí, ìdíje ọkọ̀ ti parí fún ọdún yìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ni ọkọ̀ kékeré kan tí a fi ń sá eré ìje lópin ọ̀sẹ̀. Kò kú sọ́nà rí, kì í rú èéfín. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ní dandan ni ká tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ báyìí, pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Owó rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n Ouando, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí ní Faransé kí ẹ tó padà wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ouando:
Àbúrò mi, o kú ìdíje. Ẹ má tíì tú u. Ẹ kọ́kọ́ wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò nínú rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí kàlẹ́ńdà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò tí wọ́n fi ń náwó. Ọkọ̀ Top Fuel ti Amẹ́ríkà, tí eré rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ, ẹ̀yìn eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ìdíje Le Mans ti Faransé, ẹ́ńjìnnì máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Ní ọdún 2005, òfin Formula 1 ní kí ẹ́ńjìnnì kan sá ìdíje méjì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti bí ẹ ṣe ń lò ó ló máa sọ ìgbà tó yẹ. Wákàtí tó ti sá ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kó gbóná bó ṣe ń gbóná lójú eré, kí ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé písítìn àkọ́kọ́ dókè pátápátá, níbi tí gbogbo fáàfù rẹ̀ ti padé, kí ẹnì kan di ẹ́ńjìnnì mú kó má yí. Ẹ wá fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú irinṣẹ́ onígééjì méjì wọ ojú ihò púlọ́ọ̀gì. Gééjì kan á fi 100 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) hàn, ìkejì á fi èyí tó kù nínú sílíńdà hàn. Bó bá ku 95, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jò, ara ẹ́ńjìnnì ìje náà le nìyẹn. Bó bá ń jò tó 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Bó bá tó 20, ẹ má fi í díje mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí àwọn sílíńdà yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá tẹ́tí. Bó bá ń dún ṣíì ní sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín ni. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí sínú, fáàfù kejì ni. Bó bá ń gba ihò ọ́ìlì jáde, ríìngì tó yí písítìn ká ti jẹ. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ti lu. Sílíńdà kan tó dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù ju kí gbogbo wọn jọ máa jò díẹ̀díẹ̀ lọ.

Fíltà ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ la agolo rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ayùn gé e, kí eérún irin má baà dà mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ na bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹ fi máginẹ́ẹ̀tì gbá a lórí. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Èyí tó ń dán tí kò lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́árìn, ibi tí irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ló ń họ. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ tú u, ohun yòówù kí gééjì wí.

Torí gééjì yẹn kì í rí bẹ́árìn, kì í rí sípíríìngì fáàfù, kì í rí bóòtì kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó di písítìn mú nísàlẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ ni kí ẹ bi, kó sì sọ òótọ́. Ṣé ó fa jíà 2 níbi tó ti fẹ́ fa 4? Bóòtì lè ti na, fáàfù lè ti kan písítìn. Ṣé agbára ọ́ìlì já wálẹ̀ nínú kọ́nà gígùn? Ọ́ìlì máa ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páǹpù á máa fa afẹ́fẹ́, bẹ́árìn ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ṣé ó gbóná kọjá ààlà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ tú u.

Bí kò bá sí, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Torí bí ẹ bá tú u, ríìngì tuntun gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, eruku lè wọlé, bóòtì kan lè má fún tó. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó dára tó jẹ́ títú ló bà á jẹ́.

Ará Sabe:
Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ ẹ tètè wọ̀n ọ́n. Bí ìdíje bá kù díẹ̀, gbogbo èèyàn á ya bo àwọn mẹkáníìkì tó ń bá èèyàn lọ tọ́ọ̀pù.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tèmi kì í ṣe ti ìje. Takisí wa tó ń ná Àjàṣẹ́ ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù láàárọ̀. Mẹkáníìkì ní ká ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n Ouando:
Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ìbejì. Ẹ má ì rà á. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan-ná sí i nìkan ló ń rú u, tó sì mọ́ lẹ́yìn náà, rọ́bà orí fáàfù ló sábà máa ń jẹ́, kò wọ́n. Bó bá ń rú u nígbà gbogbo tí awakọ̀ bá tẹná, ríìngì ni. Ẹ yẹ fíltà afẹ́fẹ́ wò, eruku pupa ọ̀nà yín nígbà ọyẹ́ máa ń jẹ ríìngì gan-an.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Lyon:
Ẹ̀gbọ́n, a ti wọ̀n ọ́n, ìdá tó ń jò nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí: 4, 5, 13, 4. Ẹ̀kẹta ń dún ní sàlẹ́ńsà. Fíltà mọ́. Kò sí ìkankan nínú ohun tí ẹ béèrè tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ouando:
Tọ́ọ̀pù nìkan ni kí ẹ ṣí, ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Kí wọ́n lọ fáàfù yẹn àti ibi tó ń jókòó sí, kí wọ́n wọn gbogbo sípíríìngì, kí ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun dé e. Ẹ ya fọ́tò fáàfù náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jó.