Èsì: ‘Adínrékù’ àti ‘awọ́nná’

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lórí bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ to dúróònù alápá mẹ́ta, inú mi sì dùn pé Yorùbá lẹ fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ‘adínrékù’ tí ẹ sọ ESC (electronic speed controller, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí eré mọ́tò) yẹn kò bá mi lára mu rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni ẹ̀rọ náà ń dín? Iná ló ń gbà lọ́wọ́ bátìrì, á gé e wẹ́wẹ́, á máa pín in fún wáyà mẹ́ta tó wọ inú mọ́tò, bí ọwọ́ yín bá ṣe pàṣẹ. Ẹ béèrè eré, eré ló ń fún yín. Níbo ni ‘dín’ ti wọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà ti kó bá wa nílé. Àbúrò mi kà á, ó ní bó bá jẹ́ ohun tó kàn ń dín eré kù ni, kékeré ti tó. Mọ́tò rẹ̀ ń fa áńpù 18 tí eré bá dé góńgó, ti áńpù 12 ló sì rà. Ká tó ka ẹẹ́wàá, ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó ti ká kò, èéfín gba yàrá kan. Ti 30 ló yẹ kó rà, kó lè rọ́nà mí.

Ẹlòmíràn wá dá ‘awọ́nná’ lábàá. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ wo àmì orí rẹ̀! Ẹni tó ń wọ́n iná ń fọ́n ọn ká bí ẹni ń wọ́n omi ni. Wọ̀n inú òṣùwọ̀n la fẹ́, tó bá sì ti pàdé ọ̀rọ̀ orúkọ níwájú, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ti àárín: ẹ gbọ́ ‘wọnlẹ̀wọnlẹ̀’. Iná á gbé ‘i’ rẹ̀ jù sílẹ̀ bíi ti panápaná. Awọnná nìyẹn. Bàbá tí mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ní ‘Ẹ jẹ́ kí n wọ́n pákó yìí’, wọn ò wí nǹkan kan, ike omi ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. N ò ṣì í pè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ tún pe Kv, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára mọ́tò, ní ‘agbára’. Agbára kọ́! Iye ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan ni, fún fóltì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò sí ẹrù lọ́rùn mọ́tò. Tí Kv bá jẹ́ 900, tí bátìrì jẹ́ fóltì 11.1, ìyípo 9,990 ni. Ẹni tó bá ka 2300 sí agbára ńlá, tó wá de abẹ̀bẹ̀ (propeller) íǹṣì 10 mọ́ ọn, yóò sun mọ́tò náà ni. Kv tó ga, abẹ̀bẹ̀ kékeré ló ń gbé.

Mo fara mọ́ ‘abẹ̀bẹ̀’ yín. Ẹni tó ní ká pè é ní ìyẹ́, ìyẹ́ wo ló ń yí? Ṣùgbọ́n ‘ìtẹ̀’ tí ẹ fún 4.5 (pitch) inú 10x4.5, ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára abẹ̀bẹ̀ ní íǹṣì, mi ò gbà. Ibi tí abẹ̀bẹ̀ ì bá rìn dé nínú ìyípo kan ni, bíi síkúrù tó ń wọ igi. Ìrìn ni.

Ní ti ‘mọ́tò’, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ yín. ‘Ayíbírí’ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ wù mí. Àmọ́ abẹ̀bẹ̀ náà ń yí bírí, èwo ni ká wá fún lórúkọ nínú àwọn méjèèjì? Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ ‘dín’ yẹn kúrò lónìí.