Ìbéèrè: Ṣé karọ́ọ̀tì igbó ni ewéko olódòdó funfun yìí?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà yìí ni ewéko kan ti ń tanná lẹ́bàá odò ìtòsí wa. Òdòdó rẹ̀ funfun, wínníwínní ni, ó sì pé jọ bí agboòrùn tí a ṣí. Ewé rẹ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi ti karọ́ọ̀tì, ó sì ga jù mí lọ. Aládùúgbò wa kan ní karọ́ọ̀tì igbó ni, pé gbòǹgbò rẹ̀ ṣeé jẹ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo ti sọ fún ọmọkùnrin mi rí pé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni a fi ń ṣe fèrè ní kékeré, òun náà sì fẹ́ fi ọ̀pá ewéko yìí ṣe tirẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ má jẹ́ kí ó gé e ná, mà. Ẹ wo ọ̀pá rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án: ṣé ó ní irun, àbí ó ń dán? Karọ́ọ̀tì igbó, *Daucus carota*, máa ń ní irun lára ọ̀pá, kì í sì í sábà ga ju mítà 1 lọ. Ewé tín-ín-rín tó ya bí eyín òòyà máa ń yí abẹ́ òdòdó rẹ̀ ká, ó sì wọ́pọ̀ kí òdòdó kan ṣoṣo tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ wà láàárín àwọn funfun náà, bí ẹni pé kòkòrò bà lé e.

Olùbéèrè: Ó ń dán, kò ní irun rárá, àmì elésè àlùkò sì wà lára rẹ̀ káàkiri. N kò rí òdòdó pupa kankan.

Ìdáhùn kejì: Hemlock nìyẹn, *Conium maculatum*. Aládùúgbò yín kò jìnnà sí òótọ́, nítorí ẹbí kan náà ni òun àti karọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n gbòǹgbò, ewé àti èso rẹ̀ ni májèlé, tí ó ń mú iṣan ara rọ díẹ̀díẹ̀ títí dé èyí tí a fi ń mí. Òun ni wọ́n fún Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tí wọ́n dájọ́ ikú fún, mu ní Athens ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi. Bí a bá rún ewé rẹ̀, a máa rùn bí èkúté, àmọ́ ẹ má tìtorí òórùn rún un o! Ọ̀rọ̀ fèrè yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí àwọn ọmọdé ti fi ọ̀pá rẹ̀ ṣe fèrè rí, tí májèlé sì ti ibẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Bí ó bá ti fi í sẹ́nu, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀ yẹn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró kí àìsàn fara hàn.

Olùbéèrè: Mo bá ọ̀pá kan nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gé e sí wẹ́wẹ́, kò sì tíì fi kan ẹnu. Mo ti fi ìbọ̀wọ́ mú un dànù, a sì ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ṣòkòtò náà. Mo ń lọ bá aládùúgbò wa báyìí, kí ó tó wa gbòǹgbò rẹ̀.