Èsì: "Àpèjẹ́-òòyì" kọ́ ni ESR

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka gbogbo lẹ́tà tó wọlé láti ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, torí pé nígbà tí mo dá sí ọ̀rọ̀ "ẹ̀rọ ayélujára" lọ́jọ́sí, ẹnìkan sọ pé àwa ará Èpè ò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹja lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja náà ló tún délẹ̀ yìí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: àbúrò wa kan ní Ìkòròdú ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sókè òkun. Ìwé náà ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ní Yúróòpù bóyá oúnjẹ kan ti kọjá lábẹ́ ìtànṣán gámà, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú oúnjẹ. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni òyìnbó ń pè ní electron spin resonance, ESR. Ẹ̀lẹ́kítíróònù (electron) ni ẹyọ kékeré tó wà nínú átọ́mù; spin, tó túmọ̀ sí yíyí, ni orúkọ ìwà kan tó mú kó dà bí òòfà kékeré; resonance ni bó ṣe ń jẹ́ ìpè ẹ̀rọ. Àbúrò sọ ọ́ ní "àpèjẹ́-òòyì ẹ̀lẹ́kítíróònù": àpèjẹ́ dúró fún resonance, òòyì fún spin. Àwọn kan kí i kú ọpọlọ. Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Badagry ní "ìjó òkòtó" ló dùn létí jù. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jámánì ní ká kọ ESR sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká yéé fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Àbúrò, mo rí ohun tí o rò. A pè é, ó jẹ́: àpèjẹ́. Orí ẹ pé. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ́jà? Yọ àmì orí "jẹ́" kúrò, àpèjẹ ló kù sílẹ̀. "Wọ́n fi àpèjẹ yẹ oúnjẹ wò." Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo á béèrè aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n yàn.

Ká tiẹ̀ ní àmì náà wà níbẹ̀ rekete, "à" yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ wo àdàkọ, ẹ wo àsọtúnsọ, ẹ wo àpèlé. Ọwọ́ ẹni tó ṣe nǹkan ni "à" máa ń tọ́ka sí níbẹ̀. Nínú ESR, ẹni tó ń pè kọ́ lọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ̀rọ á pè ní ìpè kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó jẹ́ la ń wá. Nítorí náà ìjẹ́pè ni mo fara mọ́, jẹ́ ìpè, ìjẹ́pè. Kò lè di ìnáwó lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku òòyì. Àbúrò, òòyì! Òòyì ni ohun tó ń kọ́ ènìyàn tí ebi bá pa á tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ bá ga. Bàbá mi ní Badagry, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí: òkòtó náà ò bọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Uhlenbeck àti Goudsmit, ló mú ọ̀rọ̀ spin wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ́kítíróònù lọ́dún 1925, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, tí wọ́n rí i pé bó bá jẹ́ pé nǹkan róbótó kan ló ń yí lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ lásán ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń yí bí òkòtó. Kí ló wá dé tí àwa á fi ru ẹrù tí àwọn fúnra wọn ti sọ̀ kalẹ̀? Àwọn onímọ̀ náà ò tiẹ̀ fẹnu kò. Ọ̀pọ̀ wọn ń pe iṣẹ́ kan náà ní EPR, electron paramagnetic resonance, kò sì sí yíyí kankan nínú ìyẹn, òòfà ló ń sọ. Zavoisky ló kọ́kọ́ rí i ní Kazan, ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 1944; orúkọ méjèèjì ni wọ́n sì ń gbé rìn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an, ìgbà yẹn lorúkọ á jáde fúnra rẹ̀.

Wọ́n á mú ẹja àrọ̀ gbígbẹ kan. Ẹran ara rẹ̀ ò wúlò fún wọn. Wọ́n á ya á kúrò títí egungun ẹ̀yìn á fi mọ́, wọ́n á sì fá gbogbo ibi tí iná ti sọ di dúdú, torí pé ohun tó bá ti di èédú ní ohùn tirẹ̀ tó ń sọ nínú ẹ̀rọ náà, ó sì lè da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n á mú kí egungun náà gbẹ dáadáa, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú túùbù kuọ́tìsì kan tí kò sanra tó bírò. Túùbù yẹn á wọ àárín ẹnu òòfà ńlá méjì. Wọ́n á wá máa rán ìgbì kan sí i, ọmọ ìyá ìgbì rédíò, tó ń mì bíi bílíọ̀nù 9.5 nígbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ò yí padà. Agbára òòfà ni wọ́n ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dé nǹkan bíi mílítẹ́sílà 340 (òṣùwọ̀n agbára òòfà ni mílítẹ́sílà), bí ẹni tó ń jẹ́pè bá wà nínú egungun yẹn, ìlà tó ti ń lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà á ta sókè, á já wálẹ̀.

Ta ló ń jẹ́pè? Ibí lẹ ti fo gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá. Gbogbo ẹ̀lẹ́kítíróònù ló ní spin. Bó bá jẹ́ pé spin ló ń jẹ́pè, omi á jẹ́, iyọ̀ á jẹ́, abọ́ tí wọ́n gbé e sí á jẹ́. Ṣùgbọ́n méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀lẹ́kítíróònù ń gbé, tọwọ́ òsì dojú kọ tọwọ́ ọ̀tún, agbára ọ̀kan pa tèkejì. Òòfà ò rí wọn. Èyí tí kò ní èkejì nìkan ni òòfà ń rí. Ìtànṣán gámà ló sì ń dá irú ìyẹn sílẹ̀: ó gbá ẹ̀lẹ́kítíróònù kan kúrò láyè rẹ̀, ìkan há sínú egungun níbi tí kò ti lè rìn kó wá ẹnìkejì. Nínú ẹran ẹja tútù, omi wà, wọ́n á rí ara wọn kíá, ọ̀rọ̀ á tán. Nínú egungun, yóò wà níbẹ̀ pẹ́ ju ẹja lọ lórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 1786 fi dá lé oúnjẹ tó ní egungun. Èyí tó wà fún àwọn bíi ata gbígbẹ tó ní sẹ́lúlóòsì ni EN 1787, ti èso gbígbẹ tí ṣúgà ti dì nínú rẹ̀ ni EN 13708.

Àpọ́n lẹ́ni náà. Ẹ̀lẹ́kítíróònù àpọ́n. Ìjẹ́pè-àpọ́n ni mo sọ iṣẹ́ yìí, mi ò sì yẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń dúró dè mí. Ẹnìkan láti Ìjẹ̀bú ti kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀ pé obìnrin ni mí, kí ló kàn mí pẹ̀lú àpọ́n. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ àpọ́n tí mo ń sọ. Ẹlòmíì ní "adáwà" ló yẹ kó jẹ́. Rárá o. Adáwà ni ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítíróònù yìí wà láàárín agbo ilé tó kún fọ́fọ́, tọkọtaya ló yí i ká, òun nìkan ni kò ní ẹnìkejì. Ẹni tó ń sun iṣu tó ń bù fún àgùntàn rẹ̀ nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá Badagry wá gbá mi mú níbi tó dùn mí. Wọ́n ní èmi tí mo ń bú àpèjẹ́ pé ó lè di àpèjẹ, ṣé mi ò mọ̀ pé bí a bá yọ àmì kúrò, àpọ́n á di ọbẹ̀ àpọ̀n? Ẹ̀rín pa mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n bàbá, lẹ́nu wa níbí, ààpọ̀n ni ọbẹ̀ yẹn, à rẹ̀ gùn, ẹni tó bá pè é ní kúkúrú ń kánjú jẹun ni. Bí tiyín ní Badagry bá kúrú, bóyá èdè Ògù ló ti bá a jókòó pọ̀. Ẹ má bínú. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀ pé àpọ̀n ò fara jọ àpọ́n tó bí àpèjẹ ṣe fara jọ àpèjẹ́.

Àbúrò, nǹkan méjì ṣì wà nínú ìwé ẹ tó yẹ kí o tún wò. O kọ ọ́ pé ewé tíì ń gbé ìlà mẹ́fà jáde "nítorí ẹ̀lẹ́kítíróònù mẹ́fà". Mángánísì inú ewé náà ló ń fa ìlà yẹn, àpọ́n márùn-ún ló sì wà nínú rẹ̀. Àárín gbùngbùn átọ́mù mángánísì fúnra rẹ̀ ló ń pín ìlà sí mẹ́fà, kì í ṣe iye àpọ́n. Èkejì ni "pàkúté òòyì", èyí tí òyìnbó ń pè ní spin trap. Ta ló ń dẹ pàkúté mú òòyì? Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé nínú òróró tó ń bàjẹ́, tàbí nínú bíà, àpọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó lọ, ojú ẹ̀rọ ò ká a. Wọ́n á wá fi èròjà kan bíi PBN sínú rẹ̀, yóò so mọ́ àpọ́n yẹn, yóò sì pẹ́ tó kí wọ́n lè rí i. Àwọn tó ń pọn bíà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń fi wo bí àkókò ṣe pẹ́ tó kí àpọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èròjà yẹn gbé àpọ́n níyàwó! Lẹ́yìn tí wọ́n so pọ̀ tán, ẹ̀lẹ́kítíróònù kan ṣì wà láìní èkejì, òun la sì ń rí. Agbàpọ́nsílé ni mo pè é.

Ẹni tó sọ pé ẹja tó rí gámà ti di olóró, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Láti 1980 ni ìgbìmọ̀ àwọn àjọ àgbáyé mẹ́ta, FAO (ti oúnjẹ), IAEA (ti agbára átọ́mù) àti WHO (ti ìlera), ti sọ pé títí dé kilogray 10, òṣùwọ̀n iye ìtànṣán tó wọ oúnjẹ, kò léwu. A ní ibùdó gámà tiwa ní Sheda, l'Ábùjá. Àyẹ̀wò yìí wà torí pé òfin Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí fún ẹni tó ń rà á.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì, ẹ ní èdè wa ò tíì tó sáyẹ́nsì í sọ. Ọdún 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, Fáfúnwá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́nsì títí wọ́n fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ tó kú. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ò bi òyìnbó pé kí ni radio túmọ̀ sí. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n kí i, kò dá wọn lóhùn, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí, ìgbì tó ń rán jáde bá ti rédíò tan, ṣùgbọ́n òun ń dúró gba èsì. Agbèsì-àpọ́n ni kí ẹ̀rọ náà máa jẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ máa jẹ́ ìjẹ́pè-àpọ́n.

Àbúrò, gbólóhùn rẹ nìyí: "Àyẹ̀wò ìjẹ́pè-àpọ́n fi hàn pé egungun ẹja yìí ti rí ìtànṣán gámà." Bó bá ṣe é ṣe, fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n bá ọ wo àmì orí rẹ̀. Ní ti bóyá "ẹ̀lẹ́kítíróònù" tàbí "ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù" ló tọ́, mi ò dá sí i. Bàbá Badagry àti ará Ìjẹ̀bú ti wà lẹ́nu ẹ̀ látijọ́, mo sì ní ẹja lórí iná.