Awọ tó há sínú ìdè bẹ́líìtì àtijọ́: ṣé kí n jẹ́ kó gbẹ?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nínú oko kan ní Kent, ní ilẹ̀ England, tí olóko ti fún mi láyè, ẹ̀rọ tí mo fi ń wá irin ké, mo sì hú ìdè bẹ́líìtì onídẹ kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi. Ó jọ irú èyí tí wọ́n ń lò láàárín nǹkan bí ọdún 1350 sí 1450. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé awọ bẹ́líìtì náà ṣì há sáàárín pẹlẹbẹ idẹ méjèèjì tí wọ́n fi ìṣó tín-ín-rín kàn pọ̀. Ó dúdú, ó sì rọ̀, mo sì gbà pé ìpẹtà aláwọ̀ ewé ara idẹ ni kò jẹ́ kó jẹrà.

Mi ò fọ̀ ọ́ rárá. Inú ike ló wà pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí, ní agbègbè wa, àmọ́ ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó ríra. Ọ̀rinrin a máa ba idẹ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni awọ tó bá gbẹ lójijì a máa súnkì, a sì máa là.

Ǹjẹ́ kí n jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin títí di ọjọ́ náà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.