Owó arúgbó l'Ékìtì: ẹ̀tọ́ ni àbí sàráà gómìnà?

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Ilẹ̀ Uyì Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ. Mo lọ kí màmá mi ní Sátidé tó kọjá, a jẹ uyán tán, la bá ń sọ̀rọ̀ lórí bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n, àfi bí wọ́n ṣe dìde wọ yàrá lọ tí wọ́n gbé náílọ̀n búrẹ́dì kan jáde. Ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún owó arúgbó ló wà nínú ẹ̀. Owó arúgbó ayé gómìnà Fayemi o, ìyẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2011, 5,000 náírà lóṣooṣù fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65. Màmá wá bi mí pé ṣé wọn ò tíì ní kí àwọn wá ni. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí tiwọn ò ti wọlé mọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn pé ó ti tán. Wọ́n ní ìjọba ló kọ orúkọ àwọn, ìjọba náà ló máa pe àwọn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: ṣé ẹ̀tọ́ ni owó yẹn àbí sàráà? Torí bó bá jẹ́ sàráà, ẹni tó ń ṣe é ló mọ ìgbà tó fẹ́ dáwọ́ dúró, a ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ló dé tí gómìnà kan á gbé e dé, tí ẹni tó bá gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ á wá ṣe bíi pé ẹrù tí ayálégbé fi sílẹ̀ ni?

Tíṣà Ìkọ̀lé:
Àbúrò, ẹ̀tọ́ ni. Èmi tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, bó pẹ́ bó yá pẹ́ńṣọ̀n mi á wọlé. Ta ló ń san pẹ́ńṣọ̀n fún àgbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ owó kòkó wà lára ohun tí Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 tí irú èmi fi ríwèé kà. Bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ta kòkó ń rà á lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ìjọba ń ná èyí tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí wọ́n fi pa bọ́ọ̀dù rẹ́ ní 1986. Àwọn tó ń ru kòkó lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn ló di arúgbó báyìí. Wọ́n ti san tiwọn sílẹ̀ tipẹ́, gbèsè ni ìjọba jẹ wọ́n.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi 5,000 tàn yín o. Ní 2011, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 18,000, 5,000 sì ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ díẹ̀. Láti 2024 ó ti di 70,000. Ẹ fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n, á lé ní 19,000. 5,000 òde òní, ẹ bi ìyàwó yín bóyá ó ra kóńgò ìrẹsì méjì.

Dírẹ́bà Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kòkó yẹn dùn ún gbọ́ ṣùgbọ́n kòkó kọ́ ló ń bọ́ Ékìtì báyìí, owó tó ń ti Abuja wá lóṣooṣù ni. Ká ní arúgbó 20,000 ló wà, ká wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20,000 bí Tíṣà ṣe ṣírò ẹ, 400 mílíọ̀nù lóṣù nìyẹn, bílíọ̀nù 4.8 lọ́dún. Ẹ bá mi fi ṣe títì oko jàre. Èmi ni mò ń kó iṣu wá sí Ado, tójò bá ti rọ̀, ọkọ̀ á rì, a ó sùn sójú ọ̀nà, iṣu á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, èyí tó bá dé ọjà á wọ́n gógó, arúgbó náà ló sì máa rà á.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ òótọ́, owó yẹn ò fún Fayemi níbò. Ní 2014 Fayose na án ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Fayose tó ń jókòó jẹun ní bùkà, tó sọ stomach infrastructure, ìyẹn fífi oúnjẹ fa ojú olùdìbò, di ohun tí ọmọdé ń pè lẹ́nu. Olóṣèlú wo ló máa rí ìyẹn tó tún máa wá náwó sórí arúgbó lóṣooṣù? Wọ́n á kúkú pín ìrẹsì àti adìẹ nígbà Kérésì, ó parí.

Ìyá Ìbejì Òkèṣà:
Dírẹ́bà ọkọ mi, ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò lè fi títì lo oògùn. Oògùn ni màmá tiwa fi 5,000 yẹn ń rà, wọ́n ń lò ó déédéé, ìgbà tó dúró ló di pé wọ́n ń dá a jẹ, lónìí wọ́n á lò ó, ó di ọ̀tunla.

Kẹ́ ẹ sì má kàn jókòó máa retí owó o, ẹ lọ béèrè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín. Òfin ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% owó tó ń wọlé fún un sínú BHCPF, ìyẹn àpò owó ìtọ́jú ìlera, kó máa dé ibùdó ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ò lówó. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni lísìtì owó arúgbó yẹn. Ta ló ń kọ ọ́? Mo mọ ẹnì kan tí kò tíì pé 60 tó wà níbẹ̀, àna ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni (mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ o), ìyá kan tí ò léyín lẹ́nu mọ́ kò sì sí níbẹ̀, torí pé kò rí ẹni bá a dé káńsù. Wọ́n ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn, ló máa tún un ṣe. NIN wo? Ẹ̀rọ ò rí ìka ìyá àgbà kà, odó uyán ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn tán!

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ ṣé gan-an. Dírẹ́bà, ohun tó o sọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ gómìnà. Ní oṣù keje 2024 kóòtù tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí káńsù máa san án. Mo mọ ilé alága, mo lè lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láàárọ̀. Ta ló tó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gómìnà?

Tíṣà Ìkọ̀lé:
Káńsù èwo? 16 ni Abuja mọ̀ tó ń fowó ránṣẹ́ sí. Àwa fi LCDA 22, ìyẹn àwọn káńsù tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, lé e, a dìbò fún gbogbo wọn ní 2023, káńsù 38 ló wá ń jẹun nínú abọ́ 16. Kí wọ́n tó san owó tíṣà pámárì tán, kí ló kù? Kó kúrò lọ́wọ́ gómìnà, mo gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ owó ẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù.

Dírẹ́bà Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Ìjerò, ẹ snap ìwé màmá yẹn ká rí i, bóyá nọ́ńbà kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n lè fi wá orúkọ wọn.

Ọmọ Ìjerò:
Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní èmi náà ni mo sọ ìwé ilẹ̀ bàbá mi nù.